Ìlú kékeré lórí òkè fún màmá tí orúnkún ń yọ lẹ́nu: ibo ni ká lọ láti Èkó?

Ìyá_Ìtafájì (Ọjọ́ Ajé, 8:14 àárọ̀)

Ẹ kú ojúmọ́ o, ẹ̀yin ará ilé. Ẹ jọ̀ọ́, mo nílò ìmọ̀ràn yín.

Èkó la bí mi sí, Èkó la bí màmá mi náà sí, ní Òkèpópó. Màmá ti pé ẹni ọdún 67. Aṣọ ni wọ́n ń tà ní Balógun láti ìgbà tí wọ́n ti wà lọ́mọge, ibi tó jìn jù lọ tí wọ́n sì lọ rí kò ju Ìbàdàn àti Kútọnu lọ. Lóṣù tó kọjá a jọ jókòó ti tẹlifíṣọ̀n, wọ́n fi òkè kan hàn tí kùrukùru bo orí rẹ̀, tí ilé tò wẹ́wẹ́ sí ìdí rẹ̀. Màmá dákẹ́ títí. Wọ́n wá ní, "Ṣé bí mo ṣe máa lọ nìyí láìfi ẹsẹ̀ tẹ òkè?" Láti ọjọ́ náà, ọ̀rọ̀ yẹn kò kúrò lọ́kàn mi.

Ọkọ mi ti gba ìsinmi ọjọ́ 6 ní oṣù kẹjọ, ọlidé àwọn ọmọ náà ló bọ́ sí. Ọmọ méjì ni, ọ̀kan ọdún 12, ọ̀kan ọdún 8. A ní mọ́tò tiwa. Ìdànrè ló wà lọ́kàn mi, ṣùgbọ́n mi ò fẹ́ ibi tí a ó ti sáré ya fọ́tò ká tún sáré padà. Ìlú kékeré ni mo fẹ́, tí a ó sùn sí, tí a ó jí sí, tí màmá yóò fi rí bí àwọn tó ń gbé ìdí òkè ṣe ń ṣe.

Ohun mẹ́ta ló ń bà mí lẹ́rù. Orúnkún màmá ń dùn wọ́n, wọ́n sì ń lo oògùn ẹ̀jẹ̀ ríru. Oṣù kẹjọ, òjò wà. Ẹ̀kẹta ni ọ̀nà. Ẹ bá mi dá sí i.

Dẹ́rẹ́bà_Ọjọ́ta (8:40 àárọ̀)

Ẹ kú ètò, ìyá wa. Mo ti ń na ọ̀nà Àkúrẹ́ tipẹ́. Ẹ má jẹ́ kí aago 6 ìdájí bá yín ní Bẹ́gà. Ọ̀nà méjì ló wà: ẹ lè gba Ṣágámù, Ìjẹ̀bú-Òde, Ọ̀rẹ̀, Oǹdó já sí Àkúrẹ́, ẹ sì lè gba Ìbàdàn, Ifẹ̀, Iléṣà. Wákàtí 5 sí 6 ni bí kò bá sí sún-kẹẹrẹ. Ẹ má rin ìrìn alẹ́ rárá. Aago 4 ìrọ̀lẹ́ kó bá yín nínú ìlú tí ẹ ó sùn.

Ẹ yẹ bíréèkì wò kí ẹ tó kúrò nílé. Ẹni tó ń wa mọ́tò ní Èkó kì í mọ ohun tí ìsọ̀kalẹ̀ òkè ń ṣe fún bíréèkì. Ní àgbègbè Ẹ̀fọ̀n-Aláayè ní Èkìtì, jíà kékeré ni kí ọ̀gá fi máa sọ̀ kalẹ̀. Bí wọ́n bá tẹ bíréèkì mọ́lẹ̀ títí, yóò gbóná, yóò máa rùn, kò sì ní mú mọ́.

Ọmọ_Òrósùn (9:25 àárọ̀)

Ìdànrè ni wọ́n bí mi sí, Múṣin ni mo ń gbé. Inú mi dùn pé ìlú mi ló kọ́kọ́ wá sí yín lọ́kàn, ẹ jẹ́ kí n sọ ọ́ fún yín bó ṣe rí.

Òkè Ìdànrè kì í ṣe òkè kan ṣoṣo. Àpáta ràbàtà-ràbàtà ni wọ́n, wọ́n duro yí ìlú ká bí ẹni pé wọ́n ń ṣọ́ ọ. Ibi tí ẹ bá yí ojú sí, òun ni. Ẹ ó wà ní ìsọ̀ ẹni tó ń ta tòmátì, àpáta á wà lẹ́yìn orí rẹ̀. Ìlú náà kò ju kìlómítà 25 lọ sí Àkúrẹ́.

Lókè lọ́hùn-ún gan-an ni àwọn baba wa ń gbé tẹ́lẹ̀, nítorí ogun. Ọdún 1923 ni wọ́n bẹ̀rẹ̀ sí í sọ̀ kalẹ̀ wá sí pẹ̀tẹ́lẹ̀. Títí di òní, àfin àtijọ́ ti Ọwá ṣì wà níbẹ̀ pẹ̀lú àwọn òpó gbígbẹ́ rẹ̀, ilé ẹjọ́ wà níbẹ̀, ibi tí wọ́n gbé agogo kọ́ wà níbẹ̀, ilé ìwé tí wọ́n dá sílẹ̀ ní 1896 náà wà níbẹ̀. Ẹ ó rí Ẹsẹ̀ Agbóògùn, ojú ẹsẹ̀ tó wà lára àpáta. Àwọn àgbà wa ní bó ti wù kí ẹsẹ̀ èèyàn tóbi tó tàbí kó kéré tó, yóò bá a mu. Àwọn ọmọ yín kò ní fẹ́ kúrò níbẹ̀. Omi Àpáàrá wà, Òkè Òrósùn wà, tí à ń ṣe ọdún Òrósùn fún ní oṣù karùn-ún.

Àtẹ̀gùn 667 ni wọ́n fi gun un, pẹ̀lú ibi ìsinmi 5 lójú ọ̀nà. Bí màmá bá dé ìsinmi àkọ́kọ́ tí wọ́n jókòó, ìlú ti hàn ketekete nísàlẹ̀ nìyẹn. Kò pọn dandan kí wọ́n dé òkè pátápátá kí wọ́n tó fi ẹsẹ̀ tẹ òkè.

Ẹ gba afinimọ̀nà ní ẹnubodè. Ẹ má dá gùn ún. Àwọn ibì kan jẹ́ ojúbọ, ẹni tí kò mọ̀ yóò kàn gbé ẹsẹ̀ lé e. Bí wọ́n bá ní kí ẹ má ya fọ́tò ibì kan, ẹ jọ̀ọ́, ẹ má yà á.

Ọ̀rọ̀ kan tún wà tí mo máa ń gbọ́ lẹ́nu àwọn èèyàn, pé UNESCO ti gba Òkè Ìdànrè wọlé. Wọ́n kọ orúkọ rẹ̀ sí ìwé ìdúró ní 2007, ṣùgbọ́n kò tíì wọ inú ìwé àjogúnbá ayé gan-an. Ó wù mí kó wọ̀ ọ́ lójú ayé mi.

Àìná_Yábàá (9:51 àárọ̀)

Ọmọ Òrósùn, 682 ni àtẹ̀gùn yẹn o. Èmi àti ọmọ mi la jọ kà á, ó ń fi ṣọ́ọ̀kì sàmì sí ogún-ogún.

Ọmọ_Òrósùn (10:02 àárọ̀)

Ẹ̀gbọ́n mi, ó dá lórí ibi tí èèyàn ti bẹ̀rẹ̀ ìkà. Àwọn kan ń ka ti ẹnubodè mọ́ ọn, àwọn kan kì í kà á. Lókè yẹn, bí a bá tún kúrò lórí àtẹ̀gùn, ìrìn ṣì kù, orí àpáta àti inú igbó. Ìyẹn gan-an ló ń rẹ èèyàn.

Nọ́ọ̀sì_Ìkẹjà (10:30 àárọ̀)

Ẹ jọ̀ọ́, ẹ jẹ́ ká dúró díẹ̀ lórí ọ̀rọ̀ orúnkún yìí. Mo gbọ́ ohun tí Ọmọ Òrósùn sọ, ó sì dára, ṣùgbọ́n gbogbo wa ń sọ̀rọ̀ gígun òkè, kò sẹ́ni tó ń sọ̀rọ̀ sísọ̀kalẹ̀. Ìgbà tí èèyàn bá ń sọ̀ kalẹ̀ ni orúnkún ń ru ẹrù jù. Gbogbo ara ni yóò dà lé e ní ìṣísẹ̀ kọ̀ọ̀kan. Mo ti rí màmá tó gun òkè tẹ̀ríntẹ̀rín, tó jẹ́ pé ọmọkùnrin méjì ló gbé wọn sọ̀ kalẹ̀.

Kí ẹ tó lọ, ẹ jẹ́ kí wọ́n yẹ ẹ̀jẹ̀ ríru màmá wò, kí ẹ sì bi dókítà wọn bóyá wọ́n lè gun òkè rárá. Oògùn wọn, inú báàgì ọwọ́ ni kó wà, kó má wà ní búùtù. Kí wọ́n má torí ìrìn àjò fo ọjọ́ kankan. Àwọn màmá wa kan máa ń sá fún oògùn tó ń jẹ́ kí wọ́n tọ̀ bí wọ́n bá fẹ́ wọ mọ́tò. Ẹ má gbà fún wọn, kí ọkọ yín dúró lọ́nà dípò ìyẹn. Ọ̀pá ìtìlẹ̀, bàtà kánfáàsì tí ìsàlẹ̀ rẹ̀ mú ilẹ̀, omi mímu. Sálúbàtà kò wúlò níbẹ̀.

Tó bá jẹ́ màmá tèmi ni, Ìkógòsì ní Èkìtì ni mo máa mú wọn lọ, kì í ṣe Ìdànrè.

Kọ́pà_Èkìtì (11:18 àárọ̀)

Mo gbè sẹ́yìn nọ́ọ̀sì. Èkìtì ni mo ti sin ìlú, gbogbo ìparí ọ̀sẹ̀ ni mo fẹ́rẹ̀ẹ́ máa ń lọ sí Ìkógòsì.

Omi méjì ló ń sun níbẹ̀, ọ̀kan gbóná, ọ̀kan tutù. Wọ́n ń ṣàn bọ̀ lọ́tọ̀ọ̀tọ̀ títí wọ́n fi pàdé. Níbi tí wọ́n ti pàdé yẹn, ki ọwọ́ ọ̀tún bọ ẹ̀gbẹ́ kan, kó o ki tòsì bọ ẹ̀gbẹ́ kejì. Ọ̀tún á máa lọ́ wọ́ọ́rọ́, òsì á tutù nini, kò sì sí ògiri láàárín wọn. Ìgbà àkọ́kọ́ tí mo ṣe é, mo kàn jókòó síbẹ̀, mi ò mọ ìgbà tí ọ̀rinrin wọ aṣọ mi. Ìtàn tí wọ́n sọ fún mi ni pé ìyàwó ọdẹ kan méjèèjì ló di odò náà, ọ̀kan onínú fùfù, ọ̀kan onísùúrù.

Níbi tó ti ń sun, ó tó ìwọ̀n 70 lórí òṣùwọ̀n Celsius. Ní ìsàlẹ̀ níbi tí wọ́n ti ń wẹ̀, ó ti rọ̀. Ọ̀nà tí a fi òkúta àti sìmẹ́ńtì ṣe wà, igi ńláńlá bò ó lórí, màmá lè rìn ín jẹ́jẹ́ láìsí àtẹ̀gùn rẹpẹtẹ. Ibùgbé wà nínú ọgbà náà gan-an.

Láti ibẹ̀, Àrìnta ní Ìpólé-Ìlọrọ̀ kò jìnnà, omi tó ń já wálẹ̀ láti orí àpáta. Ẹ̀fọ̀n-Aláayè náà wà nítòsí. Ìlú orí òkè nìyẹn! Láàárọ̀, kùrukùru máa ń wọ inú ọ̀dẹ̀dẹ̀. Mo máa ń jí, mi ò ní rí ilé òdìkejì, ohùn ẹni tó ń gbálẹ̀ nìkan ni mo máa ń gbọ́.

Àdúrà_Ń_Gbà (11:40 àárọ̀)

Omi gbígbóná Ìkógòsì ń wo orúnkún sàn. Kí màmá bu ú wálé nínú kẹ́ẹ̀gì kí wọ́n máa fi wẹ̀ fún ọjọ́ 7. Iná tó wà lábẹ́ òkè ló ń sè é, bíi ti àwọn òkè tó ń tú iná jáde.

Nọ́ọ̀sì_Ìkẹjà (12:05 ọ̀sán)

Ẹ má bínú, mo ní láti tún èyí ṣe. Omi tó lọ́ wọ́ọ́rọ́ máa ń tu oríkèé ara lára, mi ò jiyàn ìyẹn. Ṣùgbọ́n kò wo orúnkún sàn, kò sì gba ipò oògùn. Àti pé àgbà tó ní ẹ̀jẹ̀ ríru kò gbọ́dọ̀ jókòó pẹ́ nínú omi tó gbóná, òòyì lè kọ́ wọn bí wọ́n bá dìde lójijì. Ìṣẹ́jú 10 sí 15, kí ẹnì kan di ọwọ́ wọn mú bí wọ́n bá ń jáde.

Kọ́pà_Èkìtì (12:21 ọ̀sán)

Kò sì sí òkè tó ń tú iná níbẹ̀ rárá. Òjò ló ń wọ inú ilẹ̀ gba ojú sísán òkúta, ó ń lọ jìnnà sísàlẹ̀ níbi tí ilẹ̀ ti gbóná, ó tún wá ń gba ojú ẹ̀là òkúta gòkè bọ̀ kó tó rí àyè tutù. Olùkọ́ kan nílé ìwé tí mo ti sìn ló ṣàlàyé rẹ̀ fún mi, ó gbé mi lọ wo òkúta náà.

Baba_Rẹ̀mí_Ṣómólú (1:10 ọ̀sán)

Kò sẹ́ni tó tíì dárúkọ Ọlúmirìn, omi Ẹrin-Ìjẹ̀ṣà. Ọ̀nà Iléṣà sí Àkúrẹ́ náà ni. Ìpele 7 ni, ìpele kìíní kò ní wàhálà, ẹ ó kàn rìn dé ìdí rẹ̀, omi á máa fín yín lójú. Tí òjò bá ti rọ̀ dáadáa, ìró rẹ̀ nìkan tó ohun tí èèyàn lọ gbọ́.

Ṣùgbọ́n ẹ jẹ́ kí n sọ ohun tó ṣẹlẹ̀ sí mi. Oṣù kẹjọ yìí kan náà ni mo kó àwọn ọmọ lọ. Ọmọ mi ọkùnrin, ọdún 10, fẹ́ bá àwọn ọ̀dọ́ gun ìpele kejì. Mo ní kó lọ. Ewéko tútù ti hù lára òkúta, mi ò wò ó. Ó yọ̀, ó fi apá lélẹ̀. Ó jókòó, kò ké, ó kàn ń wò mí. Ìgbà tí mo rí i pé kò ké ni mo mọ̀ pé ó ṣẹ́. Iléṣà la ti tọ́jú rẹ̀. Ó ti san, a dúpẹ́, ṣùgbọ́n láti ọjọ́ yẹn, bí mo bá gbọ́ pé ẹnì kan ń kó ọmọ lọ sórí àpáta lásìkò òjò, mo máa ń sọ ọ́. Ìpele kìíní tó fún ọmọ ọdún 8.

Àìná_Yábàá (1:32 ọ̀sán)

Ẹ pẹ̀lẹ́, Baba Rẹ̀mí. Ṣùgbọ́n mi ò gbà pé kí wọ́n tìtorí òjò sún un síwájú. Bí wọ́n bá dúró de oṣù kejìlá, ọyẹ́ á ti dé, eruku á bo ojú ọ̀run, wọn ò ní rí ọ̀nà jíjìn láti orí òkè, omi á sì ti fà. Oṣù kẹjọ, òjò máa ń dá díẹ̀, òkè á tutù yọ̀yọ̀. Kí wọ́n kàn gun òkè láàárọ̀, kí ọ̀sán tó pọ́n, kí wọ́n má gùn ún lọ́jọ́ tí òjò bá rọ̀ lóru mọ́jú.

Ọmọ_Òkè_Ògùn (2:15 ọ̀sán)

Gbogbo yín ń sá lọ sí ìlà oòrùn. Adó-Àwáyè ńkọ́? Ẹ wọ ọkọ̀ ojú irin ní Ẹ̀bútẹ́ Mẹ́ta, ẹ sọ̀ ní Abẹ́òkúta, kí ẹ wá wọ mọ́tò ọ̀nà Ìsẹ́yìn. Ìjà ọ̀nà Ìbàdàn kò kàn yín. Àtẹ̀gùn 369 péré ni, irin ìdìmú wà. Adágún Ìyákẹ̀ wà lórí òkè, omi tó dúró lórí àpáta, àwọn àgbà ní kò gbẹ rí. Méjì péré irú rẹ̀ ló wà láyé, tiwa àti ti Amẹ́ríkà. Bí ẹ bá sọ̀ kalẹ̀, ẹ lọ sí Ìsẹ́yìn lọ wo àwọn tó ń hun aṣọ òkè. Màmá tó ń ta aṣọ ní Balógun! Òfì ni ẹ fẹ́ fi hàn wọ́n, kì í ṣe omi gbígbóná.

Àìná_Yábàá (2:28 ọ̀sán)

Òótọ́ ni pé adágún náà rẹwà, mo ti dé ibẹ̀. Ṣùgbọ́n "méjì péré láyé" yẹn, gbogbo èèyàn ń tún un sọ, mi ò rí ẹni tó kà wọ́n. Adágún orí òkè pọ̀ káàkiri ayé. Tiwa kò nílò ìyẹn kó tó níyì. Kí ìyá wa sì mọ̀ pé ojú ọ̀nà kan wà lókè tí wọ́n ń pè ní Ẹsẹ̀ kan ayé, ẹsẹ̀ kan ọ̀run. Orúkọ yẹn kì í ṣe àsọdùn. Kí màmá àti ọmọ ọdún 8 má dé ibẹ̀.

Ọmọ_Òkè_Ògùn (2:36 ọ̀sán)

Mo gbà, ẹ̀gbọ́n. Ẹsẹ̀ kan ayé kò yẹ ọmọdé. Ṣùgbọ́n ọ̀rọ̀ aṣọ hínhun, mi ò fà á sẹ́yìn.

Bàbá_Fẹ̀yìntì (4:47 ìrọ̀lẹ́)

Ọmọ mi, Ìyá Ìtafájì, mo kí ọ. Mo ti ń ka ọ̀rọ̀ yín láti ọ̀sán, nẹ́tíwọ́ọ̀kì ló ń dá mi dúró.

Ọdún 34 ni mo fi ṣiṣẹ́ ní Èkó, Ẹ̀bútẹ́ Mẹ́ta ni mo gbé. Ìgbà tí mo fẹ̀yìn tì, mo padà sí Ìmẹ̀sí-Ilé, ìlú baba mi. O ní o fẹ́ mọ bí àwọn tó ń gbé ìdí òkè ṣe ń ṣe. Mo fẹ́ sọ ọ́, nítorí gbogbo ohun tí wọ́n ń kọ látàárọ̀ jẹ́ ti àlejò.

Oòrùn kì í tètè là sí wa lára. Ojú ọ̀run á ti mọ́ kedere, àmọ́ òkè á ṣì dúró níwájú oòrùn, òjìji rẹ̀ á bo gbogbo ilé títí oòrùn á fi yọ orí. Lásìkò yẹn ni àwọn àgbà ń kí ara wọn láti ẹnu ọ̀nà dé ẹnu ọ̀nà, kò sẹ́ni tó ń kánjú. Oṣù àkọ́kọ́ tí mo dé, ara mi kò gbà á. Aago 4 ìdájí ni mo ń jí, bí ẹni tí dáńfó fẹ́ já sílẹ̀. Mo máa jókòó sórí bẹ́ǹṣì nínú òkùnkùn, mi ò mọ ohun tí mo fẹ́ ṣe. Ó tó oṣù mẹ́fà kí ara mi tó balẹ̀.

Oúnjẹ pọ̀, ó sì jẹ́ tútù. Lóṣù kẹjọ, iṣu tuntun ti wọlé, odó á máa dún láti ilé dé ilé bí alẹ́ bá ti ń lẹ́. Ohun tí kò sí ni kí n tún sọ. Iná mànàmáná lè lọ fún ọjọ́ mẹ́ta. Ilé ìwòsàn tó lè tọ́jú ọ̀rọ̀ ọkàn, àfi kí a gbé èèyàn lọ sí ìlú ńlá. Ọ̀rẹ́ mi kan kú lójú ọ̀nà, ohun tó sì ń ṣe é, bí Èkó ló wà, bóyá wọn ì bá rí i mú. Mi ò fi èyí dẹ́rù bà ọ́, ìbẹ̀wò lo fẹ́ ṣe. Ṣùgbọ́n àwọn èèyàn máa ń wá sọ́dọ̀ wa fún ọjọ́ méjì, wọ́n á ní "Bàbá, ẹ̀ ń jayé", wọ́n á sì lọ.

Òkè tiwa kò ní àtẹ̀gùn tí a ń kà. Ohun tó ní ni ìtàn. Níhìn-ín ni Èkìtì Parapọ̀ pàgọ́ sí, tí Ìbàdàn pàgọ́ sí ọ̀nà Igbájọ, tí wọ́n fi ja ogun Kírìjí. Ìró ìbọn ńlá tó ń ró lára òkè ni wọ́n fi sọ ọ́ lórúkọ. Bí ààrá bá sán níbí, mo máa ń rántí rẹ̀, nítorí òkè kì í jẹ́ kí ìró lọ, á máa gbá a padà fún ara wọn. Mú màmá wá kí mi. Kò sí ibi tí a ó ní kí wọ́n gùn.

Kọ́pà_Èkìtì (5:20 ìrọ̀lẹ́)

Bàbá, ẹ ṣé gan-an. Ṣé 1886 kọ́ ni ogun yẹn parí?

Bàbá_Fẹ̀yìntì (6:02 ìrọ̀lẹ́)

1886 ni wọ́n tọwọ́ bọ ìwé àdéhùn. Ṣùgbọ́n àwọn ọmọ ogun kò kúrò ní ibùdó títí di 1893. Láti 1877 ni, ọdún 16 gbáko. Àwọn ọmọ kan dàgbà nínú ibùdó yẹn.

Ìyá_Ẹlẹ́ja_Ọ̀ṣòdì (7:33 alẹ́)

Èmi kò lọ́rọ̀ púpọ̀. Ẹ má san owó hòtẹ́ẹ̀lì ṣáájú lórí íntánẹ́ẹ̀tì kí ẹ tó bá wọn sọ̀rọ̀ lórí fóònù. A san ti alẹ́ méjì sí ibì kan. Ìgbà tí a dé, wọ́n ní àwọn ò mọ orúkọ wa, yàrá ti kún. Aago 7 alẹ́ ni, èmi, ọmọ mẹ́ta, ìlú tí a ò mọ ẹnì kan. Obìnrin kan tó ń ta bọ̀ọ̀lì lẹ́nu ọ̀nà ló kó wa lọ sílé rẹ̀. Ó tẹ́ ẹní fún wa, ó po ẹ̀kọ fún àwọn ọmọ, kò gba kọ́bọ̀ lọ́wọ́ wa. Ọlọ́run á bá mi sún un mọ́ oore. Títí di ìsinsìnyí, mo ń fi ẹja ránṣẹ́ sí i.

Ẹ mú owó dání lọ́wọ́ o. POS wà, ṣùgbọ́n bí nẹ́tíwọ́ọ̀kì bá ti lọ, kò sí ohun tí ẹ lè ṣe. Ẹ mú súwẹ́tà náà, àwọn ọmọ Èkó kò mọ òtútù.

Ìyá_Ìtafájì (9:15 alẹ́)

Mo ti kà á fún màmá látòkè délẹ̀. Ìgbà tí mo dé ibi tí Bàbá ti ní kò sí ibi tí àwọn máa ní kí wọ́n gùn, wọ́n rẹ́rìn-ín, wọ́n ní "Bàbá yẹn gbọ́n."

Ohun tí a rò ni pé ká gba ọ̀nà Ifẹ̀ àti Iléṣà, ká sun alẹ́ mẹ́ta ní Ìkógòsì, ká ti ibẹ̀ lọ sí Ẹ̀fọ̀n àti Àrìnta, ká wá sun alẹ́ kan ní Ìdànrè kí àwọn ọmọ àti bàbá wọn lè gun òkè. Èmi àti màmá á wà nísàlẹ̀. Tí a bá ń bọ̀, a ó yà kí Bàbá. Ṣé ó ti pọ̀ jù?

Dẹ́rẹ́bà_Ọjọ́ta (9:28 alẹ́)

Kò pọ̀ jù bí ẹ kò bá rìn lálẹ́. Ṣùgbọ́n Ìmẹ̀sí-Ilé kò sí lójú ọ̀nà Ìdànrè. Ẹ fi ti Bàbá sí àárín, kí ẹ ti Ìkógòsì lọ kí wọn láàárọ̀ ọjọ́ kan, kí ẹ padà. Kí ọjọ́ ìkẹyìn wà fún Ìdànrè sí Èkó nìkan.

Ọmọ_Òrósùn (9:44 alẹ́)

Ẹ má retí kí ẹ rí kòkó rẹpẹtẹ tí wọ́n sá sójú títì o. Àsìkò rẹ̀ gan-an, láti oṣù kẹwàá lọ ni. Lóṣù kẹjọ, díẹ̀díẹ̀ lẹ ó rí. Ẹ kí ilé fún mi.

Ìyá_Ìtafájì (ọ̀sẹ̀ márùn-ún lẹ́yìn náà, Ọjọ́ Àìkú, 3:20 ọ̀sán)

A ti lọ, a ti bọ̀. Ẹ ṣé, ẹ ṣé, ẹ ṣé.

Ẹ jẹ́ kí n bẹ̀rẹ̀ láti orí ohun tí kò lọ bó ṣe yẹ. Òjò dá wa dúró nílé ní Ìkógòsì lọ́jọ́ kejì látàárọ̀ dé aago 2. Iná lọ ní òru méjì. Ní Ìdànrè, ọmọ mi kékeré dúró ní ìsinmi kẹta, ó ní òun kò lè lọ mọ́, ẹ̀gbọ́n rẹ̀ àti bàbá wọn ló dé òkè. 674 ni tiwọn o, Àìná àti Ọmọ Òrósùn, ẹ bá wọn yanjú ẹ̀.

Ní Ìkógòsì, mo kó màmá dé ibi tí omi méjèèjì ti pàdé. Mo ṣàlàyé, wọ́n ní àwọn ti gbọ́. Wọ́n ká ìró sókè, wọ́n bẹ̀rẹ̀ jẹ́jẹ́, mo di ìgbànú wọn mú lẹ́yìn. Wọ́n ki ọwọ́ méjèèjì bọ̀ ọ́. Wọ́n yọ ọ́, wọ́n wo àtẹ́lẹwọ́ wọn bí ẹni tó ń wo aṣọ bóyá ó ń ṣí, wọ́n tún ki ọwọ́ bọ̀ ọ́. Ó tó ìgbà mẹ́rin. Wọn kò sọ nǹkan kan títí a fi padà dé yàrá. Lálẹ́, wọ́n ní, "Omi kì í purọ́."

Ní Ìmẹ̀sí-Ilé, Bàbá ti gbé àga síta dè wá. Ìyàwó wọn gún iyán, èyí tí mo jẹ níbẹ̀ kò tíì kúrò lọ́kàn mi. Bàbá mú wa dé ẹ̀yìn ilé, ibi tí ilẹ̀ ti bẹ̀rẹ̀ sí í gòkè, òkúta fẹ̀rẹ̀gẹ̀dẹ̀ kan wà níbẹ̀ tí kò ga ju orókún lọ. Wọ́n ní, "Ìyá Èkó, ara òkè náà nìyí. Ibí ló ti bẹ̀rẹ̀." Màmá bọ́ bàtà. Wọ́n fi ẹsẹ̀ lásán gun un, wọ́n dúró lórí rẹ̀, wọ́n di ọ̀pá mú, wọ́n ń wo ìlú. Mo ya fọ́tò rẹ̀, ṣùgbọ́n màmá ní kí n má gbé e síta, mo sì ti gbà.

Ìbéèrè kan ló kù. Àwọn ìyá mẹ́fà ní ìsọ̀ Balógun ti gbọ́, wọ́n ní àwọn náà fẹ́ lọ lóṣù kọkànlá, Ìsẹ́yìn ni wọ́n ń bèèrè nítorí aṣọ hínhun. Ọmọ Òkè Ògùn, ọkọ̀ ojú irin ti Abẹ́òkúta tàbí ti Mọ́níyà ní Ìbàdàn, èwo ló dára fún àwọn àgbà?

Ọmọ_Òkè_Ògùn (3:41 ọ̀sán)

Mọ́níyà. Ọ̀nà Mọ́níyà sí Ìsẹ́yìn ni kìlómítà 65, wọ́n ti tún un ṣe. Kí wọ́n wọ ọkọ̀ àárọ̀, kí wọ́n ra tíkẹ́ẹ̀tì sílẹ̀. Ẹ sọ ọjọ́ fún mi, ìbátan mi kan ń hun aṣọ níbẹ̀, á dúró dè wọ́n.